Ta Ló Ni Irin Tó Wà Lẹ́nu Ọkọ́?

Lásìkò òjò, bí ojú ọ̀run bá mọ́ lálẹ́ ní Ìlerò, tí iná ò sí, ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ máa rí ìlà funfun kan tó dà bí èéfín. Agbo ìràwọ̀ tiwa nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Apá ibi tó ti nípọn jù ni àárín gbùngbùn rẹ̀ wà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ máa lo nǹkan bí ọdún 26,000 lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ máa ń pín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Irin ní àmì tiẹ̀ níbẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù náà ní tiẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ àárín gbùngbùn yẹn ní irin ju oòrùn wa lọ.

Kí ló fà á? Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí irin rárá. Lọ́dún 1957, Margaret Burbidge, ọkọ rẹ̀ Geoffrey, William Fowler àti Fred Hoyle kọ àlàyé tó lókìkí lórí ẹ̀: ìràwọ̀ ló ń rọ irin, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́. Bí ìràwọ̀ bá kú, tó bú gbàmù, irin náà á tú jáde; èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìyẹn á jogún ẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, ìràwọ̀ pọ̀, wọ́n ń bí, wọ́n ń kú, kíákíá. Ìdí nìyẹn tí ogún fi pọ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè tèmi wá nìyí: ìràwọ̀ tí wọ́n bí sáàárín ọrọ̀, ṣé ó yẹ kó máa fi irin yangàn?

Ó ti yé yín ibi tí mò ń lọ. Ọmọ kan wà ní Ìkòyí tó ní ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì láti kékeré. Òmíràn wà ní Ìlerò tó ń kọ́kọ́ lọ oko kó tó lọ ilé ìwé. Bí ti Ìkòyí bá yege, a ó ní ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Bí ti Ìlerò bá kùnà, a ó ní ọmọ ìka ò dọ́gba.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́!" Òótọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ ń tàn, tiẹ̀ ni. Òun ló ń jó o. Ṣùgbọ́n irin ara ẹ̀, ó bá a nílẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni ká yìn. Ogún, ọpẹ́ ni ká fi gbà á.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ará àárín ló rí jẹ o. Àwọn ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí irin wọn ò tó nǹkan. Ó ṣeé ṣe káwọn kan nínú wọn ti ìta wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Òkè-Ògùn lọ Èkó, ẹ mọ̀ pé dídé Èkó kọ́ ni lílówó.

Nítòsí Ọ̀yọ́, ní Ọla-Igbi, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé lọ́dún 1904 nípa bí àwọn èèyàn wa ṣe ń yọ́ irin látinú òkúta. Ọgbọ́n yẹn, tiwọn ni. Àmọ́ irin inú òkúta ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wà. Èyí tó wà lẹ́nu ọkọ́ àti èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, òkú ìràwọ̀ ló fi sílẹ̀.

Òkú ò ṣeé san gbèsè fún. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìkan la lè san án fún. Kájọlà lorúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlerò wà: kò ní ká jọ dọ́gba, ó ní ká jọ là. Ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ kú kí irin ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Àwa lè fúnni nígbà tá a ṣì wà láàyè: ká ra ìwé ránṣẹ́ sílé, ká kọ́ ọmọ kan ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá nílẹ̀, ta lẹ sì fẹ́ fún níbẹ̀?