Ọmọ Tó Fi Ilé-Ìwé Girama Sílẹ̀: Ta Ni Ká Bá Wí?

Bí ọmọ kan bá fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ ládùúgbò, kì í pẹ́ tí aráyé fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọn á ní ọ̀lẹ ni, olóríkunkun ni, ẹgbẹ́ búburú ló kó wọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá gbọ́ ẹnu kejì yóò rí i pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àìrówó ti lé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kí ìwà rẹ̀ tó dá sí i, àti pé àwa àgbà la ní ìbéèrè tó pọ̀ jù láti dáhùn.

Kì í ṣe pé àwọn aṣáájú wa kò gbìyànjú. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ti girama náà di ọ̀fẹ́. Nígbà tó yá, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ Nàìjíríà kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Ibẹ̀ gan-an lòfin ti jáwọ́. Ọmọ tó parí JSS3 kò tíì ní ìwé-ẹ̀rí tó lè fi wáṣẹ́, síbẹ̀ kò sí dandan fún un mọ́. Láti SS1 dé SS3, agbára òbí àti ìwà àwọn tó yí ọmọ ká ló kù tó lè dá a dúró.

Ní 2022, UNESCO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ọmọ ni kò sí nílé-ìwé ní Nàìjíríà. Àríwá ni wọ́n pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá má torí ìyẹn fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì lójú títì ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó wọ síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé mọ́ ẹ̀wù ilé, ọmọ wa ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ilé-ìwé nìkan ni wàhálà. Lọ́jọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbàjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2019, ó fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama ìjọba. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS2. Bó bá délé lálẹ́, á tú owó inú àpò ìdí rẹ̀ sórí ẹní. Èyí ni ti ẹ̀fọ́ tó gbà láwìn, èyí ni ti alájọ, èyí ni ti gàrí àti epo. Èyí tó ṣẹ́ kù ni owó ọkọ̀ ọmọ, bàtà tó ti lu, ìwé, owó lésìnnì, àti WAEC tó ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ti kọjá 600 kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ jìnnà ló mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún un.

Owó kan tún wà tí a kì í kà: èyí tí ọmọ náà ì bá máa mú wálé. Bó bá jókòó ti àtẹ kejì, tàbí tó lọ ṣe lébírà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, owó dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé-ìwé kò lè ṣe ìyẹn fún un. Ìyá yìí kò kórìíra ẹ̀kọ́. Ìṣirò ló ṣe, ìṣirò náà sì pé tó bá jẹ́ oúnjẹ alẹ́ òní là ń wò. Ebi lè mú àgbẹ̀ jẹ èbù iṣu. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ni yóò gbìn bí òjò bá rọ̀?

Ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìṣirò yẹn máa ń dojú rú. Agbára ni lébírà ń tà. Iye tí wọ́n ń san fún un lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yìn ló ń dùn ún sí i. Òfin ti 2024 sọ 70,000 náírà di owó oṣù tó kéré jù lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń fi òfin yẹn sanwó ojúmọ́? Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kò sówó. Bó bá wá ronú pé kóun wọṣẹ́ ọlọ́pàá, wọn á béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ti ọmọbìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò níwèé, tí kò níṣẹ́ ọwọ́, tó ti lóyún kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ọwọ́ ọkùnrin ni yóò máa wò, ọmọ tirẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ló ń di jàǹdùkú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi òógùn ojú jẹun. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí ọ̀nà dí mọ́ lolóṣèlú ń rí rà ní owó pọ́ọ́kú nígbà ìbò.

Àwọn kan á ní, “Ìwé ò là mọ́. Ẹ wo àwọn tó gboyè jáde tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá.” Òótọ́ kan wà níbẹ̀: ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe owó. Àmọ́ pé ìwé-ẹ̀rí kò fún gbogbo èèyàn níṣẹ́ kò sọ pé àìníwèé-ẹ̀rí ń fúnni. Iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá ti yí padà. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ṣe ń so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn kó tó mọ ohun tó ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀rọ náà sì ń kọ sójú. Ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Níbo ni ìwà ọmọlúàbí wá wọ̀ ọ́? Ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń jàǹfààní bí ọmọ bá kúrò ní kíláàsì. Ọ̀gá tí wọ́n mú ọmọ SS1 wá bá pé kó wá kọ́ṣẹ́ lè sọ pé, “Kó máa wá lẹ́yìn ilé-ìwé àti nígbà ọlidé, ó di ọjọ́ tó bá ṣe WAEC tán kó tó gba fíríìdómù.” Ẹni tó mú ọmọ ọlọ́mọ láti abúlé, tó ṣèlérí pé òun á rán an nílé-ìwé, tó wá sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti yẹ àdéhùn tó bá òbí ọmọ ṣe. Olùkọ́ tó dójú ti ọmọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí owó tí kò tíì san ń bá ìṣẹ́ lé e jáde ni. Ọmọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: bí òbí bá ń jẹ gbèsè kó lè kàwé, tó wá ń sá lọ sílé tẹ́tẹ́, ìwà ọ̀dájú ni. Ẹni tó sì ti kúrò nítorí àìní, kò yẹ ká fi ṣẹ̀sín. Ìdánwò GCE wà fún un bí ọwọ́ bá tún rọ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ kọ́ ni òwe yẹn ń bá wí, àwa tí a kò kọ́ ọ ni. Ẹgbẹ́ tó ń dá aṣọ ẹbí lọ́dọọdún mọ ilé tí ọmọ JSS3 wà, ó sì mọ ilé tí agbára kò ká a. Kí wọ́n fi owó aṣọ kan pamọ́, kí wọ́n fi san owó ọkọ̀ ọmọ kan fún táàmù kan tàbí owó WAEC rẹ̀. Kí wọ́n sì fi sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, láìpe ayàwòrán.