Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kó Ipa Náà? Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́, Sinimá àti Ọmọ Lagos Town

Bí ìwé ìtàn àròsọ bá wọ àwọn ọ̀dọ́ lọ́kàn, kì í pẹ́ tí wọn a fi bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn òṣèré tí wọn ìbá fẹ́ kí ó kó ipa inú rẹ̀ bí ìwé náà bá di sinimá. Wọn a ní kí lágbájá ṣe ọmọbìnrin náà, kí làmọ̀rín ṣe ọba. Eré ọmọdé ni èyí jọ lójú àgbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe eré. Kí ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí ó yẹ láti gbé ìrísí ẹlòmíràn wọ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé ibi tí a bí i sí ni, ṣé èdè ẹnu rẹ̀ ni, àbí ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan?

Òǹkọ̀wé kì í ya ojú ẹ̀dá-ìtàn tán. Ó lè sọ pé ọmọbìnrin kan dúdú, pé irun rẹ̀ funfun. Ìyókù di ọwọ́ òǹkàwé. Òǹkàwé kan ní Ìbàdàn àti òmíràn ní Accra lè ka ojú ìwé kan náà, kí ojú tí ọkàn wọn rí má sì jọra. Sinimá ni ó ń kó gbogbo ojú wọ̀nyí kúrò, tí ó ń fi ẹyọ kan rọ́pò wọn. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a bá fi ojú rẹ̀ sí ìtàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbà pé ó ni ìtàn náà.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi ṣẹlẹ̀ lórí Children of Blood and Bone, ìwé àwọn ọ̀dọ́ tí Tomi Adeyemi tẹ̀ jáde ní 2018. Amẹ́ríkà ni a bí òǹkọ̀wé náà sí, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Òrìṣà Yorùbá ni ìpìlẹ̀ ìtàn náà, èdè Yorùbá sì ni ọfọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí a kéde àwọn òṣèré fíìmù rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Thuso Mbedu, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni a yàn láti ṣe Zélie. Amandla Stenberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ni a yàn fún Amari. Àwọn tí ìran wọn ti Nàìjíríà wá, bí Damson Idris àti Tosin Cole, wà nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn òǹkàwé kan ṣàròyé: àwọn kan nítorí àwọ̀ ara, àwọn mìíràn nítorí pé ọmọ Nàìjíríà kọ́ ni ó di aṣíwájú nínú ìtàn tí ó fi orúkọ òrìṣà wọn ṣe ẹ̀ṣọ́.

Àròyé náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ìlú ṣe òṣùwọ̀n, ó yẹ kí ó wo àdúgbò kan ní Accra. Accra New Town ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Lagos Town ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí àwọn ará Nàìjíríà, pàápàá Yorùbá, tí ó tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà ti ń ná ọjà ilẹ̀ náà kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì bímọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lára àwọn tí ó di ẹrù ni àwọn tí a bí sí Gánà, tí wọn kò fojú kan Nàìjíríà rí. Ẹni tí Accra pè ní àjèjì lè dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tún máa pè é ní ará Gánà.

Bí ẹni tí ó ń yan òṣèré bá fi ẹ̀jẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ Lagos Town wọlé. Bí ó bá fi ìwé ìrìnnà ṣe é, ọmọ náà lè bọ́ síta. Bí ó bá fi èdè ṣe é, ó tún lè wọlé. Ọmọ kan náà ni. Òṣùwọ̀n ni ó ń yí padà. Òṣùwọ̀n tí a fi lé ènìyàn kúrò nílùú kò lè jẹ́ èyí tí a ó fi ṣe òdodo lórí ìtàgé.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi iṣẹ́ nìkan ṣe é, nítorí ẹni tí ó ń ṣe ọba nínú eré kò jọba rí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ta ni ó rí àyè kọ́ iṣẹ́ náà, ta sì ni a pè wá wò? Àwọn orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń tò, gbajúmọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tí a kò rí rí, a kì í lá àlá rẹ̀.

Beasts of No Nation fi ọ̀nà mìíràn hàn. Uzodinma Iweala, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó kọ ìwé náà ní 2005, nípa Agu, ọmọdé tí a sọ di ọmọ ogun. Gánà ni wọ́n ti ya fíìmù rẹ̀. Idris Elba, gbajúmọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abraham Attah, ọmọ Gánà tí wọ́n rí níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ni ó ṣe Agu. Kò ṣe fíìmù rí. Ní 2015, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Marcello Mastroianni ní Venice. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àlá ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó wá a lọ.

Níbẹ̀ ni òdodo wà. Ohun tí ó tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ òṣèré ni làálàá, kì í ṣe ìran: kí ẹni tí yóò pe ọfọ̀ kọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, nítorí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì ṣi ohùn náà pè ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ó tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yàn ni pé kí ó wá ènìyàn dé ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá ti wá a tọkàntọkàn, tí ó sì mú ọmọ ìlú mìíràn, kò sí ẹni tí ó rẹ́ jẹ. Bí kò bá wá a rárá, kódà bí ó mú ọmọ onílé, oríire lásán ni.

Olùkọ́ èdè lè bẹ̀rẹ̀ èyí nínú kíláàsì rẹ̀. Bí ó bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan òṣèré fún ìwé tí wọ́n kà, kí ó fi òfin kan kún un: ó kéré tán, kí orúkọ kan jẹ́ ti ẹni tí wọ́n mọ̀ ní àdúgbò tiwọn, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Wọn yóò ní láti tún ìwé náà kà, wọn yóò sì ní láti wo aládùúgbò wọn dáadáa.