Ṣé Àìlówó Ni, Àbí Àìbìkítà?

Bí a bá wọ ilé ẹlòmíràn nínú wa, tí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ń yọ̀, tí abọ́ kún fún ọ̀rá, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Kò sówó tí a ó fi ra ọṣẹ àti bílíìṣì." Àwọn àgbà ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun kò ti wẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé àìlówó lè jẹ́ àwáwí fún ìdọ̀tí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìdáná. Eérú tí a ń gbá dànù máa ń bó ọ̀rá kúrò lára abọ́. Òun náà ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú àdín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ìpẹtà. Bí a bá wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí pátákó tí a fi ń gé ẹran, tí a sì fi èèpo ọsàn tí a ti fún tán ha á, yóò mọ́, òórùn rẹ̀ yóò sì lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé oúnjẹ ni ọsàn àti iyọ̀, pé ìná-àpà ni láti fi wọ́n fọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ gidi ni, nítorí Ọlọ́hun kọ ìná-àpà fún wa. Ṣùgbọ́n lílo nǹkan kọjá ìwọ̀n, tàbí láìnídìí, ni ìná-àpà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa fi omi mudd kan ṣe àlùwàlá, èyí tí kò ju nǹkan bí ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lọ. Ẹni tó lo èèpo ọsàn kó tó sọ ọ́ nù kò ná àpà. Ẹni tó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ lásán ló ná an.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa. Pé nǹkan wá láti ilé ìdáná kò ní kó má lè ṣeni léṣe. Bí a bá da omi ọsàn tàbí fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọsàn kò sì lè rọ́pò omi nínú ìmọ́ra ti ẹ̀sìn: ibi tí nàjásà bá kàn, omi mímọ́ la ó fi ṣàn án.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Púpọ̀ nínú àwa arákùnrin ti fi gbígbá àti fífọ sílẹ̀ fún àwọn arábìnrin. Bẹ́ẹ̀ Ànábì fúnra rẹ̀ a máa bá ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, a máa tún bàtà rẹ̀ ṣe, a máa rán aṣọ rẹ̀. Ta ni nínú wa tó ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Nítorí náà, ó lè jẹ́ òótọ́ pé kò sówó. Ṣùgbọ́n eérú ń bẹ, ọwọ́ wa náà ń bẹ. Ohun tí a ní ni a ó bi wá léèrè rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a kò ní. Kí Ọlọ́hun bá wa fọ ilé wa àti ọkàn wa mọ́. Àmín.