Omi Inú Ẹmu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan: bí ẹni tó ra ẹmu kò bá mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀, tó mu ún, tó gbádùn rẹ̀, tó tún dúpẹ́, ta ni a ṣẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dá ògùrọ̀ nínú àbàtà kan lẹ́bàá Òkìtìpupa. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń gun àkàbà, á fi ọ̀bẹ mímú fá ojú ibi tó gé lára igi náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹmu lè máa kán sínú akèrègbè. Bí kò bá fá a, ojú ibẹ̀ á dí. Bí ó bá sì fá a jù, igi á tètè kú. Àwọn tó ń fi èso àjàrà ṣe wáìnì nílẹ̀ Faransé lè tọ́jú tiwọn sínú àgbá fún ọdún mélòó kan. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti orí igi ni ìwúkàrà ti ń sọ adùn rẹ̀ di ọtí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ojoojúmọ́ ni adẹ́mu ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì níbí, àwọn kan lára àwọn tó ń dá ẹmu ládùúgbò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi àti ṣúgà lú tiwọn. Akèrègbè kan di méjì. Àwọn oníbàárà ní tiwọn ló dùn jù. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀, inú ẹmu yẹn ni owó ilé-ìwé mi wà o. Mo lọ bá a, mo ní, "Bàbá, ẹ fi omi díẹ̀ sí i. Ṣebí ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò fèsì títí a fi dé ìdí igi. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń tanná láyé rẹ̀. Ibi tó fẹ́ ti tanná ni mo gé. Tí mo bá dá a tán, ó kú nìyẹn. Ṣé kí n wá fi omi lú u?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n owó kò pé lásìkò, mi ò sì ṣe ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yẹn. Inú bí mi gan-an. Òun ló ń jẹ orúkọ rere, èmi ni mò ń san owó rẹ̀! Títí dòní, mo ṣì gbà pé ẹjọ́ mi níbẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ kékeré.

Àmọ́ ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò pé. Ẹni tó ń mu ún nìkan ni mo rò mọ́ ọn. Mi ò ro ti igi. Ewì tí mo kà fún yín lóṣù tó kọjá, èyí tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún, ìlà 40 ni. Ikú ìyá mi àgbà ni mo fi kọ ọ́. Ìlà 13 péré ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ìyókù, kí ojú ewé lè kún ni. Ẹ ò mọ̀. Ẹ tiẹ̀ gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá náà kú.

Mo ti gé e. Ìlà 13 ló kù. Ẹni tó bá rò pé mo ṣàṣejù, kó kọ èsì wá.