ẸYẸ ÌRÍRA

 

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 11:13-19

Nígbà tí a ka ibí yìí ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, arábìnrin kan bi mí pé: "Ẹfanjẹ́líìsì, tí Òfin bá ti ka igún mọ́ ẹyẹ ìríra, kí la tún ń fi í ṣe láyé?" Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Oòrùn ló ń bọ́ gbogbo wa. Koríko ń gba agbára rẹ̀ sínú ewé, màlúù ń jẹ koríko, àwa ń jẹ màlúù. Ṣùgbọ́n nínú agbára tó wà nínú koríko, díẹ̀ péré ló ń di ẹran ara màlúù. Ìyókù bá mímí, ìrìn àti ìgbóná ara lọ, òmíràn di ìgbẹ́. Agbára tó lọ yẹn kì í padà. Bíi mánà ni, ojoojúmọ́ la ń gba tuntun látọ̀run. Ohun tó ń padà ni ọ̀rá ilẹ̀, ìyẹn tí ẹnì kan bá bá wa tú òkú palẹ̀. Iṣẹ́ igún nìyẹn. Omi inú ikùn rẹ̀ le débi pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó lè pa èèyàn ló ń kú síbẹ̀.

Ní Íńdíà, láàárín ọdún 1990 sí 1999, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ. Ó di 2004 kí àwọn onímọ̀ tó fi ìdí rẹ̀ hàn: diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún tó bá jẹ òkú màlúù jẹ́. (Oògùn yìí kan náà wà nílé ẹlòmíràn nínú wa.) Nígbà tó fi máa di 2006 tí ìjọba fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn, oríṣi igún kan wà tó jẹ́ pé nínú 100, ó lé ní 95 tó ti lọ. Òkú màlúù ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń jẹ ẹ́, wọ́n ń pọ̀ sí i, ewu dìgbòlugi náà ń pọ̀.

Arábìnrin mi, èsì mi rèé: Òfin ní ká má jẹ ẹ́, kò ní ká pa á. Lójú tèmi, àìjẹ ẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa tí ò tíì gbọ́ ìhìnrere pàápàá ní a kì í pa igún. Lónìí ńkọ́? Wọ́n ń tà á lọ́jà fún oògùn, àwa náà ń kọjá níbẹ̀ tá a gbé Bíbélì dání.

Ṣùgbọ́n igún nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Bàbá kólẹ̀kódọ̀tí tó ń wá sí àdúgbò wa ní gbogbo Ọjọ́rú bẹ mí fún omi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fún wọn nínú ife. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, mo ní, "Bàbá, ẹ máa mú ife yẹn lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ṣé, pásítọ̀," wọ́n gbé e lé orí ògiri wa, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́rú lòní. Mo ti fọ ife náà. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n lè ki Bàbá bó ṣe yẹ.