Oore Tí A Fi Ipá Mú Ẹni Ṣe



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀: bí a bá fi ipá mú ènìyàn ṣe iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là, ǹjẹ́ a jẹ ẹni náà ní ọpẹ́? Àwọn kan yóò wí pé rárá, nítorí kì í ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ yẹ èsì yìí wò.

Ní oṣù Keje ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì gúnlẹ̀ sí etíkun àríwá ilẹ̀ Papua, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ọsirélíà nígbà náà. Wọ́n dorí kọ Port Moresby ní gúúsù, wọ́n ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Kokoda, tí ó gùn tó kìlómítà 96 láàárín òkè àti igbó kìjikìji. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n ni Bàtálíọ̀nù 39 ti Ọsirélíà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí ogun rí. A ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀, a ń pè wọ́n ní ṣọ́jà ṣokoléètì, pé ooru ogun yóò yọ́ wọn. Wọn kò yọ́. Ní Isurava, ní ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n dúró ti àwọn tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Òjò, ẹrẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn bá wọn jà gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ti ń bá wọn jà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà gba Kokoda padà; ṣùgbọ́n ó lé ní 600 nínú wọn tí ó kú lójú ọ̀nà náà.

Ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ta ni yóò gbé ẹni tí ọta ìbọn ti fọ́ itan rẹ̀? Àwọn ọmọ ilẹ̀ Papua ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni ìjọba ti pàṣẹ pé a lè fi ipá kó àwọn ọkùnrin wọn ṣe aláàárù. Wọ́n fi oko àti aya sílẹ̀. Àwọn kan sá lọ, nítorí ẹrù wúwo, oúnjẹ kò sì tó. Síbẹ̀ àwọn tí ó dúró fi igi àti aṣọ ìbora ṣe ibùsùn, ènìyàn mẹ́jọ sì ń gbé ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú wọn sọ́nà, wọn a wá ibi títẹ́jú, wọn a pa àtíbàbà lé aláìsàn lórí, wọn a bu omi fún un. Mẹ́rin a sùn sí ọ̀tún rẹ̀, mẹ́rin sí òsì.

Ẹ wò ó dáadáa. Àṣẹ ìjọba ni ó gbé ẹrù lé wọn léjìká. Àṣẹ wo ni ó ní kí wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ kí ara má baà ro ẹni tí wọ́n gbé? A lè fi ipá mú ọwọ́, a kò lè fi ipá mú ọkàn. Símónì ará Kírénè pàápàá, ipá ni a fi mú un ru àgbélébùú. Nítorí náà oore ni oore wọn, gbèsè sì ni.

Àwọn ọmọ ogun náà mọ oore yìí. Wọ́n pe àwọn aláàárù ní áńgẹ́lì. Ọ̀rọ̀ rere ni, ó sì ti ọkàn wá, ṣùgbọ́n ewu fara pamọ́ sínú rẹ̀. Áńgẹ́lì kò ní oko tí igbó ń bò, kò ní ọmọ tí ebi ń pa, kì í béèrè owó. Ẹni tí a bá pè ní áńgẹ́lì, ó rọrùn láti gbàgbé pé ènìyàn ni. Ní ọdún 2009 ni ìjọba Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì ẹ̀yẹ tí a ṣe ní orúkọ wọn fún wọn tàbí fún ìdílé wọn. Ọdún 67 ti kọjá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wà ní ibojì.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1944, àwọn aláàárù láti ilẹ̀ wa fi orí ru ẹrù ogun nínú igbó Bọ́má. Lónìí ńkọ́? Ọmọdébìnrin tí ó ń pọn omi nínú ilé wa, ọkùnrin tí ó gbé àpò ìrẹsì wa láti ọjà, a máa ń wí fún wọn pé, "Olúwa yóò san án fún ọ." Ẹ̀yin ará, a kò gbọdọ̀ fi àdúrà san owó ọ̀yà. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa wá ẹnì kan tí ó jẹ ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀, kí ó sì san án nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè láti gbà á.

Fadá yín.