Ẹni Tó Sìn Wá Dé Kòso

Nínú Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, ìbéèrè kan wà tó borí gbogbo òrìṣà: ta ni nínú wọn tó lè bá ẹni tó ń bọ ọ́ rin ìrìn àjò tó jìn, títí dé òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá rìn títí tó dé Kòso ilé baba rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ fún un? Ó ní bí òun bá ti yó, òun á padà sílé òun. Wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ìrè ni Ògún yóò ti yà, Ìjùmú ni ti Ọ̀ṣun, àwọn tó kù náà ní ilé baba tiwọn, àní Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ní Òkè Ìgẹ̀tí tí yóò ti padà. Orí nìkan ni kì í padà. Ẹ̀rí tí Ifá sì fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò ṣeé jà níyàn: bí babaláwo bá kú, wọ́n lè ní kí wọ́n kó ohun èlò Ifá rẹ̀ dànù, ti oníṣàngó náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n gé orí rẹ̀ sílẹ̀ rí kí wọ́n tó sin ín?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú nínú ìtàn yìí ni pé kí a má gbójú lé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe àjèjì. Lójú tèmi, ìdajì ẹsẹ náà ni wọ́n gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi Ṣàngó bóyá ó lè rìn. Wọ́n ti gbà pé ó rìn dé Kòso kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí yóò ṣe níbẹ̀. Wọn kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó ní ilé, ilé sì pè é. Ibi tí oore kálukú mọ ni Ifá ń wọ̀n. Arìnrìn-àjò tó bá ti mọ ìyẹn kò ní bínú sí ẹni tó sìn ín dé Kòso. Ẹni tí yóò sìn ín kúrò níbẹ̀ ni yóò máa wá.

Ẹ wo Suleiman Hashimu, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá lọ́dún 2015 nítorí pé Muhammadu Buhari wọlé ìbò ààrẹ. Ọjọ́ 18 ló fi rìn ín. Ẹ jẹ́ ká fi ti òṣèlú sílẹ̀, ká wo omi nìkan. Kò sí èjìká tó lè ru omi ọjọ́ 18 kí ẹsẹ̀ tún rí okun gbé. Ẹni tó bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, omi olómi ni yóò mu, ẹnu ẹlẹ́nu ni yóò fi mọ̀nà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó bu omi fún un tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àtibá a dé Àbújá. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Láyé wọn, ẹni tí ebi bá pa lójú ọ̀nà lè wa iṣu lóko olóko, kó sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bó bá gbé e lọ sílé, ó di olè. Ààlà yẹn ni kò jẹ́ kí oore náà tán.

Ní Apple Junction, lẹ́bàá Festac ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, àtakò tí ẹ ó gbọ́ sí irú oore yìí le: ta ni yóò ṣàánú àjèjì ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ one chance àwọn olè ti ń gbé ènìyàn? Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n oore tí kò lópin ló ń dẹ́rù bani, bíi kéèyàn gbé ẹni tí kò mọ̀ wọlé tàbí kó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kéèyàn nawọ́ pure water sí i, kó júwe kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Mile 2 fún un, kó fi díẹ̀ kún owó ọkọ̀ rẹ̀, kò gba pé kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba Èkó kéde lójijì pé kónílé-ó-gbélé yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n sún un sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí àwọn tó há sójú ọ̀nà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé kò bèèrè ẹni tí yóò gbà á sílé. Omi àti ọ̀nà tó já geere tó o. Festac fúnra rẹ̀ sì rèé: àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún, àwọn tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1977. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi padà sílé wọn. Ta ló wá sọ pé a kò gbà wọ́n lálejò?

Babaláwo kan lè ní mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn, pé orí ẹni ló ń kó aláàánú pàdé ẹni, nítorí náà iṣẹ́ orí ni gbogbo omi yẹn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àdúrà wa láràárọ̀ ni pé kí orí gbé wa ko alábàápàdé rere. Ohun tí n kò gbà ni bí àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà sá fún ọpẹ́. Orí arìnrìn-àjò lè mú un dé ìdí àmù, òun kọ́ ló pọn omi sínú rẹ̀. Ẹni tó pọn ọ́n ní orí tirẹ̀, ó sì ní ibi tó ń lọ. Àwọn onífá gan-an kò fi ẹsẹ yìí kọ òrìṣà sílẹ̀. Àwọn tó ń ki Ògúndá Méjì náà ló ń bá wọn bọ Ògún lọ́dọọdún. Wọ́n mọ̀ pé yóò yà ní Ìrè, wọ́n sì ń pa ajá fún un.